Ta ló ni àṣẹ lórí omi àti ẹ̀gbin ilé wa l'Ábújá: káńsù ni àbí ìjọba FCT (agbègbè olú-ìlú àpapọ̀)?

#1 · Akọ̀wé_Lugbe

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń fa àríyànjiyàn láàárín àwọn ẹgbẹ́ onílé ní Lugbe, Kubwa, Nyanya àti Karu, ó sì yẹ kí àwọn tó mọ òfin àti àwọn tó mọ iṣẹ́ páìpù bá wa là á yé ara wa. Àwọn kan tó ní káńsù ló rán àwọn máa ń pín ìwé kiri ojúlé. Ìwé kan á ní ká sanwó bọ́hóòlù lọ́dọọdún. Òmíràn á ní sókàwéè ilé kò bófin mu. Òmíràn á ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi rọ́bà tí omi ń gbà fọ mọ́tò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n bí máńhóòlù bá ń tú síta, kò sẹ́ni tó ń yọjú.

Nínú omi àti ẹ̀gbin, èwo gan-an ni òfin gbé lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́? Èwo ni ti FCT? Ṣé wọ́n lè gba owó ìtanràn lọ́wọ́ èèyàn lójú ẹsẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi "wọ́n ní, wọ́n pé" dá wa lóhùn o. Ibi tí òfin ti sọ ọ́ ni kí ẹ fi hàn wá.

#2 · Amòfin_Garki

Akọ̀wé, ẹ kú àníyàn. Ẹ ṣí ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 sí Àfikún Kẹrin. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wà. Ìpín 1(h) fún wọn ní ilé ìyàgbẹ́ gbogboogbò, ẹ̀gbin àti pàǹtí kíkó dànù. Ìpín 1(f) fún wọn ní títì, iná títì àti gọ́tà. Ìpín 1(k) fún wọn ní àṣẹ lórí ṣọ́ọ̀bù, ilé oúnjẹ, ilé búrẹ́dì àti ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ fúnni. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo máa padà sí i. Omi ẹ̀rọ ńkọ́? Ẹ wá a títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sí níbẹ̀. Ibi tó sún mọ́ ọn jù ni ìpín 2(b), tó ní kí káńsù *bá ìpínlẹ̀ kópa* nínú ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ àti ọrọ̀ àdáyébá tí kì í ṣe kùsà. Kíkópa yàtọ̀ sí pípàṣẹ.

Ohun méjì mìíràn tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà dé ibẹ̀:

Abala 7(5) ní òfin ni yóò gbé iṣẹ́ inú Àfikún yẹn lé káńsù lọ́wọ́. Ní ìpínlẹ̀, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ń ṣe òfin náà. L'Ábújá, a ò ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Abala 299 gbé iṣẹ́ yẹn fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀. Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ káńsù bá ní "ìwé òfin orílẹ̀-èdè fún wa láṣẹ", ẹ ní kó mú òfin tó wà láàárín méjèèjì wá.

Ẹ̀ẹ̀kejì, omi tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ bá kéde pé ó kan ju ìpínlẹ̀ kan lọ wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan, nọ́ńbà 64 nínú àtòjọ wọn. Omi tí Ábújá ń mu kì í ṣe ti Ábújá nìkan. Láti ìdídò Gurara ní ìpínlẹ̀ Kaduna ni wọ́n ti ń fa omi gba inú páìpù gbọọrọ tó tó 75 kìlómítà wá sí ìdídò Lower Usuma. Káńsù wo ló fẹ́ pàṣẹ lórí irú omi bẹ́ẹ̀?

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti 11 Oṣù Keje 2024 dẹ́rù bà yín. Ọ̀rọ̀ owó ni ìdájọ́ yẹn dá lé lórí, pé kí owó káńsù máa lọ tààrà sọ́wọ́ káńsù tí aráàlú dìbò yàn. Kò fi iṣẹ́ tuntun kankan kún iṣẹ́ wọn.

#3 · Ọmọ_Ìlọrin_Kubwa

Ẹ ṣeun, Amòfin. Ó dà bíi pé ẹ ti fi ẹ̀gbin sọ́wọ́ káńsù. Kí ló wá dé tí ọkọ̀ AEPB (àjọ tó ń dáàbò bo àyíká Ábújá) fi ń yí káàkiri Wuse àti Garki tí ẹnikẹ́ni kì í rí ọkọ̀ káńsù níbẹ̀?

#4 · WoléWolé_Kuje

Ìbéèrè rere nìyẹn, àbúrò. Ìwé òfin dára, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ṣe pín lójú pópó ló yẹ kí ẹ mọ̀.

Láàárín ìlú, ìyẹn Garki, Wuse, Maitama, Asokoro àti àwọn àdúgbò tí páìpù ẹ̀gbin abẹ́ ilẹ̀ dé, AEPB ni olùtọ́jú. Òfin 1997 ló dá wọn sílẹ̀, wọ́n sì ní ilé ẹjọ́ alágbèéká tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìmọ́tótó. Gbogbo ẹ̀gbin inú páìpù yẹn ń ṣàn lọ sí ilé ìwẹ̀nùmọ́ Wupa, tí wọ́n kọ́ fún ẹ̀gbin 700,000 èèyàn, bíi 131,250 mítà onígun mẹ́ta lóòjọ́, kó tó wọ odò Wupa. Káńsù kò ní ọwọ́ nínú páìpù yẹn rárá. Bí máńhóòlù bá ń tú ní Wuse, ẹ má fi àkókò ṣòfò ní sẹkitéríàtì káńsù.

Ní àwọn ìlú ẹ̀gbẹ́, bíi Lugbe, Nyanya, Karu, Kubwa, Kuje, Gwagwalada, ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ pé sẹ́tíìkì tánńkì (tánńkì tí ìgbẹ́ ń kọ́kọ́ wọ̀) àti sókàwéè (kòtò tí omi rẹ̀ ti ń rì sínú ilẹ̀) ni wọ́n ń lò. Ibẹ̀ ni ìpín 1(h) ti ní ìtumọ̀ gidi: ilé ìyàgbẹ́ ọjà àti gáréèjì, gọ́tà, àti wíwọlé wò tí àwa wolé-wolé ń ṣe. Lugbe, Nyanya àti Karu wà lábẹ́ AMAC (káńsù ìlú Ábújá). Kubwa wà lábẹ́ Bwari. Ẹ mọ káńsù yín kí ẹ tó kọ lẹ́tà.

Ohun tí wolé-wolé lè ṣe nìyí: kó wọlé lójúmọmọ pẹ̀lú káàdì rẹ̀, kó wo ibi tí ẹ̀gbin ń jáde sí, kó kọ ìwé pé kí onílé tún un ṣe láàárín iye ọjọ́ kan, kó padà wá wò, kó sì gbé e lọ ilé ẹjọ́ bí onílé bá kọ̀. Ohun tí kò lè ṣe ni kó gba owó lọ́wọ́ yín lẹ́nu géètì.

#5 · Ìyá_Ibeji_Karu

Ẹ fojú inú wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Owó ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ìmọ́tótó. Bọ́hóòlù tí onílé fi owó ara rẹ̀ gbẹ́, kí ni ti káńsù nínú ẹ̀?

#6 · Amòfin_Garki

Ìyá Ibeji, ẹ̀yin lẹ jàre níbi bọ́hóòlù, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yà á sọ́tọ̀.

Òfin omi ti 1993 sọ pé ẹni tó ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ kan lè lo omi abẹ́ ilẹ̀ náà láìsanwó fún ìlò ilé, fún ẹran ọ̀sìn àti fún oko tirẹ̀. Bọ́hóòlù ilé gbígbé wà lábẹ́ ààbò gbólóhùn yẹn. Bọ́hóòlù tó ń bọ́ ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá (píọ̀-wọ́tà) tàbí èyí tí wọ́n ń ta omi rẹ̀ fún tánkà kò sí lábẹ́ rẹ̀. Òwò nìyẹn, ó sì lè ní láti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀.

Ẹ tún wo òfin 1998 tó to irú owó tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà. Ní apá ti ìjọba ìbílẹ̀, owó ilé ìyàgbẹ́, ẹ̀gbin àti pàǹtí wà níbẹ̀. Owó orí ilé wà níbẹ̀. Owó bọ́hóòlù kò sí. Òfin yẹn náà ló ka dídí ọ̀nà gbowó léèwọ̀.

Ní ti ìtanràn: abala 36(12) ní a kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ọ̀ràn tí òfin àkọsílẹ̀ kò sọ ohun tó jẹ́ àti ìyà rẹ̀. Kí ẹni tó ń bu ìtanràn kọ nọ́ńbà òfin náà sórí ìwé. Ilé ẹjọ́ ló ń dáni lẹ́bi, kì í ṣe ẹni tó mú rìsíìtì dání.

Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má sanwó ẹ̀gbin o. Bí káńsù bá ń kó o lóòótọ́, owó náà bófin mu.

#7 · Ẹnjiníà_Omi

Mo fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ rọ́bà àti mọ́tò, torí pé òun ni ọ̀pọ̀ ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó wúwo. Rọ́bà onídajì íńṣì ń da bíi líta 15 sí 20 síta ní ìṣẹ́jú kan. Fọ mọ́tò fún ìṣẹ́jú 15, o ti lo líta 225 sí 300. Bọ́kẹ́ẹ̀tì onílíta 20 mẹ́ta tó fún mọ́tò kan náà. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ju kẹ́ẹ̀gì onílíta 25 mẹ́fà ti mai ruwa (àwọn tó ń ta omi kiri) lọ, ẹ sì mọ iye tí wọ́n ń ta kẹ́ẹ̀gì kan ní March.

Ta ló lè ka rọ́bà léèwọ̀? Ẹni tó ń ta omi náà: FCT Water Board, nípasẹ̀ òfin tó gbé e dúró àti àdéhùn tí oníbàárà bá wọn ṣe. Ní Cape Town ní South Africa, ìjọba ìlú fúnra rẹ̀ ló ka á léèwọ̀. Ní 1 Oṣù Kejì 2018 wọ́n ní líta 50 péré lóòjọ́ ni ẹnì kan gbọ́dọ̀ lò, wọn ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi omi ẹ̀rọ fọ mọ́tò. Ìdí tí ìyẹn fi ṣeé ṣe ni pé ìwé òfin wọn fi omi mímu àti ẹ̀gbin ilé sínú iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní gbangba. Tiwa fi ẹ̀gbin síbẹ̀, ó fi omi sílẹ̀. Gbogbo wàhálà tí Akọ̀wé kọ sókè yẹn, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀.

Ṣùgbọ́n omi tó ń ṣòfò jù nínú ilé kì í ṣe ti rọ́bà. Ẹ dán èyí wò. Lálẹ́, ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ, ẹ ti fáàfù tó lọ sí tánńkì òkè, ẹ kọ nọ́ńbà mítà sílẹ̀. Láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ẹ̀rọ, ẹ wò ó. Bí ó bá ti yí, páìpù ń jò láàárín mítà àti ilé. Yúníìtì kan lórí mítà jẹ́ líta 1,000, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì 40. Bí kò bá yí, ẹ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀: ẹ da búlúù aṣọ díẹ̀ sínú tánńkì ẹ̀yìn àwo, ẹ má fọ̀ ọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí omi inú àwo bá di búlúù, rọ́bà ìdí tánńkì ti gan. Owó rọ́bà yẹn kéré, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í pààrọ̀ rẹ̀ títí bọ́hóòlù á fi gbẹ. Ẹ wo bọ́ọ̀lù tánńkì òkè náà. Bí omi bá ń ṣàn lára ògiri láàárọ̀, bọ́ọ̀lù ti fọ́ tàbí ìdọ̀tí ti há fáàfù rẹ̀.

Ẹ tún rántí pé orí òkúta líle ni ìlú yìí wà. Inú pàlàpálá òkúta ni omi ń pamọ́ sí, kì í ṣe inú yanrìn tó nípọn. Bí ilé mẹ́wàá bá gbẹ́ bọ́hóòlù sí ojú pàlàpálá kan, wọ́n jọ ń fa omi kan náà ni.

#8 · Ọ̀gá_Páìpù

Ẹnjiníà, ẹ ti bọ́ sí ibi tí mo ń dúró dè. Gbogbo èèyàn ń sọ pé ká dín omi kù, wọ́n gbàgbé pé omi ló ń gbé ẹ̀gbin lọ.

Páìpù 110 mm gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ 1 sí 40, ìyẹn mílímítà 25 ní mítà kọ̀ọ̀kan. Ti 160 mm lè jẹ́ 1 sí 60, bíi mílímítà 17 ní mítà. Bí ìdagẹ̀rẹ̀ bá kéré, omi á lọ, ìgbẹ́ á dúró. Àwọn kan a máa ri 160 mm láti ilé kan ṣoṣo nítorí wọ́n rò pé èyí tó tóbi ló dára. Irọ́ ni. Nínú páìpù gbàràgàdà, omi díẹ̀ a tẹ́ pẹrẹsẹ sí ìsàlẹ̀, kò ní lágbára láti ti ohunkóhun. Àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun tó ń lo líta 6, tàbí 3 fún ìtọ̀, bá 110 mm tó dagẹ̀rẹ̀ dáadáa lọ. Ẹ fi í sórí 160 mm àtijọ́ tí wọ́n ri fún líta 9, kò ní pẹ́ tó fi dí. Ká ní káńsù tàbí FCT bá ní kí gbogbo ilé pààrọ̀ àwo, kí wọ́n kọ́kọ́ wo páìpù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni títú omi sínú àwo pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú agbára ni kí ẹ tú u. Bí ẹ bá ń rọra dà á, líta 10 á kọjá, nǹkan á wà lójú kan.

Máńhóòlù ń tú síta nítorí ohun díẹ̀ tó ń padà wá léraléra. Ọ̀rá ilé oúnjẹ. Páàdì obìnrin àti ìnujú aláṣọ, èyí tí wọ́n kọ sára pé ó ṣeé fọ̀ dànù, tí kì í yọ́. Iyanrìn tó wọlé nígbà tí wọ́n jí ìdérí máńhóòlù. Àti òjò. Páìpù ẹ̀gbin Ábújá wà lọ́tọ̀, ti òjò wà lọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń so omi òrùlé mọ́ ti ẹ̀gbin. Òrùlé 100 mítà onígun mẹ́rin, òjò mílímítà 50 ní ọ̀sán kan: líta 5,000 ló ń wọ páìpù tí wọ́n ri fún omi ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí máńhóòlù àdúgbò bá ń tú kìkì ìgbà òjò, tó sì mọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kì í ṣe dídí ló ń ṣe é. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti so òrùlé mọ́ ọn. Ẹ da omi aláwọ̀ sí gọ́tà òrùlé ilé kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan dúró sójú máńhóòlù.

#9 · Amòfin_Garki

Ọ̀gá Páìpù, ẹ ti rán mi létí ìpín 1(k) tí mo ní mo máa padà sí. Nípa ọ̀rá, káńsù kò nílò àṣẹ tuntun kankan. Ilé oúnjẹ àti ibi ìfọṣọ wà lábẹ́ wọn tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ ọdọọdún pé kò sí búkà tó máa so páìpù ìdáná mọ́ gọ́tà tàbí sókàwéè láìní kòtò akóọ̀rá. Òfin káńsù tó wúlò jù tí wọ́n lè ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè pè é ní ìtẹ̀kọjá àṣẹ.

#10 · Ìyá_Ibeji_Karu

Ẹ jọ̀ọ́, kòtò akóọ̀rá ọ̀hún, báwo ló ṣe tóbi tó? Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń dáná tà.

#11 · Ọ̀gá_Páìpù

Ìyá mi, àpótí oníyàrá méjì ni, lẹ́bàá ibi tí ẹ ti ń fọ àwo. Omi wọlé sí yàrá kìíní, ọ̀rá á léfòó, omi á gba ìsàlẹ̀ ògiri àárín bọ́ sí yàrá kejì, á jáde láti inú páìpù onílẹ́tà T tí ẹnu rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ojú omi. Fún búkà kékeré, kó gba ó kéré tán ìlọ́po méjì omi síńkì tó tóbi jù lọ, kí omi lè ráyè tutù. Ọ̀rá kì í dì nígbà tí omi bá gbóná. Ìdí nìyẹn tí omi gbígbóná fi ń tan èèyàn: ó yọ́ ọ̀rá níbí, ọ̀rá á sì lọ dì ní mítà ogún síwájú, nínú páìpù ẹlòmíràn.

Bí ọ̀rá àti ẹrẹ̀ bá ti gba ìdá kan nínú mẹ́rin jíjìn rẹ̀, ẹ kó o. Ẹ fi ike kó o, kí ẹ kó o dànù pẹ̀lú pàǹtí. Ẹ má da ọṣẹ lílágbára sí i kó lè yọ́.

#12 · Ará_Mararaba

Gbogbo òfin tí ẹ ń ka yìí, àwa tó wà ní Mararaba ńkọ́? Afárá kan ṣoṣo ló là wá níyà.

#13 · Amòfin_Garki

Ẹ ti kọjá ààlà o. Mararaba wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Karu ní ìpínlẹ̀ Nasarawa (ọ̀tọ̀ ni Karu tiwa tó wà lábẹ́ AMAC); ilé aṣòfin Nasarawa ló ń ṣe òfin omi àti ìmọ́tótó tiyín. AEPB kò lè mú yín, FCT Water Board kò sì jẹ yín ní omi. Bákan náà ni Suleja pẹ̀lú ìpínlẹ̀ Niger. Àfikún Kẹrin àti àwọn òfin àpapọ̀ tí mo kà lókè ló kan gbogbo wa.

#14 · WoléWolé_Kuje

Ẹ jẹ́ ká padà sí sókàwéè, torí pé ìwé tó pọ̀ jù tí wolé-wolé ń kọ nìyẹn, àwọn onílé kì í sì í sábà mọ ohun tí wọ́n kọ sí wọn.

Iye tí àwọn ẹnjiníà ń lò fún sẹ́tíìkì tánńkì: iye èèyàn lọ́nà 180, ẹ fi 2,000 kún un, líta ni. Ilé èèyàn mẹ́wàá, líta 3,800. Ilé onífúláàtì mẹ́fà tí èèyàn márùn-ún ń gbé fúláàtì kọ̀ọ̀kan, líta 7,400. Fún 3,800, gígùn mítà 2.9, fífẹ̀ 1.1, omi jíjìn 1.2, ti tó. Pín gígùn sí mẹ́ta: yàrá àkọ́kọ́ gba méjì, ìkejì gba ọ̀kan. Ojú páìpù àwọlé ga ju ti àjáde lọ bíi mílímítà 75. Méjèèjì gbọ́dọ̀ ní páìpù T tó wọ inú omi. Ọ̀pọ̀ bíríkìlà kì í fi T sí àjáde, ìfófòó orí omi á sì wọ sókàwéè lọ dí gbogbo ihò ilẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀ onílé á máa pariwo pé "sókàwéè ti kún", á gbẹ́ òmíràn, ìyẹn náà á kún. Kí wọ́n tó bò ó, ẹ kún un fómi, ẹ fi sílẹ̀ wákàtí 24. Bí omi bá lọ sílẹ̀, ó ń jò.

Kí sókàwéè jìnnà sí kànga tàbí bọ́hóòlù tó mítà 30. Lórí púlọ́ọ̀tì tó fẹ̀ ní mítà 15, tó gùn ní mítà 30, kò ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fún ara wa. Àti pé kì í ṣe bọ́hóòlù tìrẹ nìkan ló yẹ kó jìnnà sí; ti aládùúgbò lẹ́yìn ògiri náà ń bẹ. Ibi tí káńsù ti lè ṣe nǹkan gidi nìyí: kí wọ́n ya ibi tí bọ́hóòlù gbogboogbò máa wà sọ́tọ̀ fún ìlà ilé kan, kí sókàwéè gbogbo ilé wà ní apá ìsàlẹ̀.

Ìdí kòtò gbọ́dọ̀ ga ju ojú omi abẹ́ ilẹ̀ ìgbà òjò lọ tó mítà kan ààbọ̀. Ìgbà òjò o, kì í ṣe ti February tí bíríkìlà ń gbẹ́ ẹ. Àwọn tó ń gbẹ́ títí wọ́n fi kan omi, tí inú wọn dùn pé "kò ní kún láé", omi mímu àdúgbò ni wọ́n ń yàgbẹ́ sí.

#15 · Ẹnjiníà_Omi

Mo fọwọ́ sí i. Àyẹ̀wò tó yẹ kí ẹ ṣe lórí bọ́hóòlù tó sún mọ́ sókàwéè: E. coli (kòkòrò inú ìgbẹ́) àti nitrate (èròjà tó ń ti inú ẹ̀gbin wọ omi). Ìlànà omi mímu ti Nàìjíríà ní E. coli kò gbọdọ̀ sí rárá nínú mílílíta 100, nitrate kò sì gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 50 ní líta lọ. Sísè omi ń pa kòkòrò, ṣùgbọ́n kò yọ nitrate. Bí omi ṣe ń gbẹ lórí iná, ńṣe ló ń ki sí i. Ewu ni fún ọmọ ọwọ́ tó ń mu ìgò. Ẹ gba omi nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ fi méjèèjì wé ara wọn.

#16 · Ọmọ_Ìlọrin_Kubwa

Báwo ni ti àwọn tó ń da Ìsáàlì àti káábáìdì sí sókàwéè kó lè "jẹ" ìgbẹ́?

#17 · WoléWolé_Kuje

Kòkòrò kéékèèké inú tánńkì ló ń jẹ ẹ́. Ìsáàlì ń pa wọ́n. Káábáìdì lè gbiná nínú kòtò tó ti kún fún gáàsì. Tánkà ni kí ẹ pè nígbà tí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ àti ìfófòó òkè bá ti gba ìdá kan nínú mẹ́ta, kí ẹ sì ní kó ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ bi awakọ̀ tánkà ibi tó ń lọ tú u sí, kí ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá tú u sínú odò, ọ̀ràn ni, ẹgbẹ́ onílé á sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ inú kòtò. Gáàsì ibẹ̀ ń pa èèyàn kó tó pariwo.

#18 · Akọ̀wé_Lugbe

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Bí ẹgbẹ́ onílé bá fẹ́ kí káńsù ṣe òfin gidi lórí kòtò akóọ̀rá àti tánkà, ọ̀nà wo ni ká gbà?

#19 · Amòfin_Garki

Káńsílọ̀ wọ́ọ̀dù yín ni kí ẹ kọ́kọ́ rí. Méjìlélọ́gọ́ta ni wọ́n ní gbogbo FCT, AMAC ní méjìlá, káńsù márùn-ún yòókù ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ẹ kọ àbá náà sí ojú ìwé kan: ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìpín 1(h) tàbí 1(k) tó fún wọn láṣẹ, ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n pàṣẹ, iye ọjọ́ tí onílé máa ní láti tún nǹkan ṣe, àti ilé ẹjọ́ tó máa gbọ́ ẹjọ́. Káńsílọ̀ á gbé e wọ ilé, wọ́n á kà á, wọ́n á pe aráàlú sí ìgbọ́rọ̀, alága á fọwọ́ sí i, á wọ gásẹ́ẹ̀tì (ìwé ìkéde ìjọba). Ẹ bèèrè ẹ̀dà gásẹ́ẹ̀tì. Òfin tí kò sẹ́ni tó lè fún yín ní ẹ̀dà rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gbowó lọ́wọ́ yín.

Ẹ má fi omi ẹ̀rọ àti bọ́hóòlù ilé sínú rẹ̀. Amòfin kékeré kan lè fi ìyẹn wó gbogbo ẹ̀ lulẹ̀ ní ilé ẹjọ́.

Ní ti ìwé tí wọ́n ń pín lẹ́nu géètì báyìí, ẹ kọ ìdáhùn ojú ìwé kan, ẹ bèèrè ohun mẹ́rin: orúkọ àti ọdún òfin náà, ìpín tí wọ́n ń lò, orúkọ àti nọ́ńbà iṣẹ́ ẹni tó fọwọ́ sí ìwé náà, àti báńkì ìjọba tí owó ń lọ. Ẹ fi í jíṣẹ́ ní ọ́fíìsì wọn, kí wọ́n lù ú ní èdìdì lórí ẹ̀dà tiyín.

#20 · Ará_Mararaba

Ìbéèrè kan péré fún Ọ̀gá Páìpù: ìdérí máńhóòlù tí wọ́n ń jí, kí la lè fi dí i?

#21 · Ọ̀gá_Páìpù

Irin ló ń fa olè, torí wọ́n ń tà á fún àwọn onírin àlòkù. Lórí ilẹ̀ ilé, ẹ ṣe é ní kọnkéré pẹ̀lú irin 10 mm nínú rẹ̀, nípọn mílímítà 75, kí ẹ fi irin mú sí i ní ìhà méjì. Ní ibi tí mọ́tò ń gbà, mílímítà 100 ó kéré tán, irin 12 mm. Ẹ má fi sìmẹ́ńtì lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí kòtò o, torí ẹni tó máa ṣí i lọ́la á fi òòlù fọ́ ọ. Gírísì díẹ̀ yí etí rẹ̀ ká ti tó. Bí èyí tó sọnù bá wà lójú títì ìjọba, ẹ gbé ẹ̀ka igi tàbí táyà sí i lọ́jọ́ náà gan-an kí ọmọ má bàa jìn sínú ẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ títì, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ni páìpù náà. Láàárín ìlú Ábújá, AEPB ni. Ní tiyín, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ́fíìsì ìmọ́tótó káńsù Karu.